Ta ló ni pépà yìí? Bí ìwádìí àjùmọ̀ṣe àwọn obìnrin ṣe ń rìn

Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tẹ̀wé kò jìnnà sí títì Tanke tó lọ sí yunifásítì. Akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi, ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ náà máa ń yà, pàápàá bí iná bá lọ lọ́fíìsì wọn. Lọ́jọ́ kan, mò ń to pépà àwọn obìnrin mẹ́rin kan, ọmọkùnrin kan tó fẹ́ ṣe fótókọ́pì dúró sẹ́yìn mi, ó ń ka ojú kọ̀ǹpútà. Ó ní, "Mọ̀mí, èèyàn mẹ́rin ló kọ ojú ewé méjìlá? Ojú ewé mẹ́ta-mẹ́ta péré nìyẹn o. Iṣẹ́ tó rọrùn nìyí."

Mi ò lè bínú sí i. Ọkọ mi gan-an ti bi mí ní ìbéèrè yẹn rí. Ẹni tó bá ń wo àwọn olùkọ́ yunifásítì lókèèrè á rò pé ìwé kíkọ ni iṣẹ́ wọn, pé ẹni tó bá kọ díẹ̀ ló ṣe díẹ̀. Èmi kì í ṣe olùkọ́, títẹ̀ ni mò ń tẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń tẹ orúkọ èèyàn sórí ìwé, tó ń pa á rẹ́, tó tún ń gbé e láti ipò kejì lọ sí ipò kẹrin ní aago mẹ́wàá alẹ́, onítọ̀hún á mọ ohun tí orúkọ lè dá sílẹ̀.

Pépà tí wọ́n ń pè é yìí, àkọsílẹ̀ ìwádìí ni. Inú jọ́nà ló ti ń jáde, ìyẹn ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn onímọ̀ fi ń sọ ohun tí wọ́n rí fún ara wọn. Kó tó jáde, olóòtú jọ́nà á fi ránṣẹ́ sí onímọ̀ méjì tàbí mẹ́ta mìíràn, tí orúkọ wọn kì í sábà hàn, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n lè ní kí wọ́n lọ tún un ṣe, wọ́n sì lè dá a padà pátápátá. Ojú ewé méjìlá tí ọmọ yẹn rí, èèpo lásán ni. Iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ lè gba ọdún méjì kí ẹnikẹ́ni tó jókòó kọ gbólóhùn kan.

Ẹ jẹ́ ká fi Òkèlele níbí ní Ìlọrin ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ gbà pé àwọn kan fẹ́ mọ̀ bóyá èéfín tí àwọn ìyá amọ̀kòkò ní agbo-ilé Dada ń fà símú ń ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́. Gbangba ni wọ́n ti ń sun ìkòkò, wọn kì í gbé e sínú ààrò. Ta ló lè wádìí èyí? Ó gba ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń wọn èémí, irú ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn ńlá. Ó gba ẹni tó mọ ohun tó wà nínú èéfín gan-an, ìyẹn onímọ̀ kẹ́mísírì. Ó gba ẹni tó mọ ìṣirò, tó lè sọ bóyá ikọ́ tí wọ́n rí lára ogún ìyá ju ti àwọn tí kì í sun ìkòkò lọ, tàbí kó kàn jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe bọ́ sí. Ó sì gba ẹni tó lè jókòó lórí ẹní pẹ̀lú wọn, tó gbọ́ èdè Ìlọrin dáadáa, tí àwọn ìyá náà á sọ òótọ́ fún nípa ikọ́ òru, tí wọn ò níí máa sọ pé "a dúpẹ́, ara le" bí a ṣe máa ń dá àlejò lóhùn.

Kò sí ẹ̀dá kan tó mọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ẹnì kan bá dá a ṣe, ó lè ṣe ọ̀kan dáadáa, á sì fọwọ́ bo mẹ́ta yòókù. Ìdí nìyẹn tí orúkọ fi ń pọ̀ lórí pépà. Kì í ṣe pé wọ́n pín ojú ewé.

Èwo wá ni ti kí àwọn obìnrin máa wá ara wọn rí?

Ìdí àkọ́kọ́ kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú àánú. Ní Ìlọrin, ilé ń bẹ tí ọkùnrin àjèjì kì í wọ̀. Bí ìwádìí bá kan àwọn ẹlẹ́hàá, yálà lórí oyún, oúnjẹ ọmọ, tàbí owó tí wọ́n ń rí nínú òwò tí wọ́n ń ṣe láti inú ilé, olùwádìí ọkùnrin á dúró sí ẹnu ọ̀nà, ọkọ á bá a sọ̀rọ̀. Ohun tó máa gbé lọ ni èrò ọkọ. Obìnrin á wọlé, á bọ́ bàtà, wọ́n á gbé omi fún un, nígbà tí yóò sì fi jáde, ó ti gbọ́ ohun tí ọkọ fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Nítorí náà, ìwádìí tí obìnrin wà nínú rẹ̀ níbí lè péye ju èyí tí kò sí lọ. Mo fẹ́ kí èyí yé wa kí a tó dé orí ọ̀rọ̀ ìrànlọ́wọ́, torí àwọn kan máa ń sọ ọ́ bíi pé ẹgbẹ́ àwọn tó ń sunkún ni.

Ìdí kejì jẹ mọ́ ìgbà. Nínú ìṣirò àjọ UNESCO, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta ni obìnrin láàárín àwọn olùwádìí ayé. Nílẹ̀ tiwa, kò tíì pẹ́ tí Felicia Adétòún Ògúnṣẹ̀yẹ di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Nàìjíríà, ní Yunifásítì Ìbàdàn, nígbà tí wọ́n dá ti Ìlọrin sílẹ̀ lọ́dún 1975 gẹ́gẹ́ bíi kọ́lẹ́ẹ̀jì lábẹ́ Ìbàdàn yẹn kan náà. Ó di 1985 kí obìnrin tó di gíwá yunifásítì lórílẹ̀-èdè yìí, ìyẹn Grace Alele-Williams ní Benin. Láàárín àwọn ọdún 1980 yẹn náà ni Bọ́láńlé Awẹ́, onímọ̀ ìtàn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá WORDOC sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ilé àkójọ ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ obìnrin. Ìgbà yẹn kò jìnnà. Ìyá mi ti bí mi.

Ìgbà mìíràn tún wà, ti ọjọ́ orí. Láti ọgbọ̀n ọdún sí ogójì ni olùkọ́ ń sáré kọ pépà jù, torí pípé pépà ni wọ́n fi ń gòkè láti olùkọ́ kékeré dé ọ̀jọ̀gbọ́n. Láàárín ọdún yẹn náà ni obìnrin ń bímọ. Bí ìpàdé bá parí nírọ̀lẹ́, àwọn ọkùnrin á dúró síbi ọkọ̀ wọn, ẹ̀yìn á fara ti bọ́nẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ jọ́nà tó dára, owó ìwádìí tó ń bọ̀, ẹni tó ń wá alábàáṣiṣẹ́. Ẹnikẹ́ni kò lé obìnrin kúrò níbẹ̀. Ó ti sáré lọ mú ọmọ nílé-ìwé ni. Ẹgbẹ́ ìwádìí tí àwọn obìnrin mẹ́rin dá sílẹ̀ lórí WhatsApp, tí wọ́n ń lò ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ lẹ́yìn tí ọmọ ti sùn, ìdúró ìdí ọkọ̀ tiwọn nìyẹn.

Ibi tí ó ń dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ lójú wá nìyí. Wọ́n á ní, "Ṣebí wọ́n ń ran ara wọn lọ́wọ́ ni," wọ́n á sì pa òwe pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Òwe dáadáa ni. Ṣùgbọ́n kò sọ ẹni tó ni àyà.

Àwọn baba wa ya ọ̀wẹ̀ àti àáró sọ́tọ̀ lóko, ìyàtọ̀ yẹn la sì nílò níbí. Ọ̀wẹ̀ ni kí o pe èèyàn wá bá ọ ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan. O se oúnjẹ, wọ́n jẹ, o dúpẹ́, wọ́n lọ. Kò sẹ́ni tó ń ka iye ebè. Àáró kò rí bẹ́ẹ̀. Lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ, lọ́tùn-únla ti ẹnì kẹta, iye ebè tí o bá kọ fún mi ni mo gbọ́dọ̀ kọ fún ọ. Ẹni tó bá jẹ àáró tí kò san án, wọn kì í bá a dáwọ́ lé e mọ́, wọn kì í sì í fi ariwo ṣe é. Wọ́n kàn máa ń gba ẹ̀yìn oko rẹ̀ kọjá ni.

Àáró ni ìwádìí àjùmọ̀ṣe. Ẹgbẹ́ tó bá fi ọ̀wẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí gbogbo wọn ń sọ pé "kò séwu, ará ilé ni wá", ni mo máa ń rí tó ń fọ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi. Àwọn mẹ́rin tí mò ń wí yìí jókòó kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun, wọ́n kọ ọ́ sójú ewé kan: pépà àkọ́kọ́, ẹni báyìí ni yóò ṣáájú, èkejì, ẹni báyìí, títí yóò fi kárí. Wọ́n kọ ẹni tí yóò tọ́jú àwọn ìwé ìbéèrè tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò. Wọ́n kọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ẹnì kan bá bímọ láàárín iṣẹ́, pé wọ́n á sún ìgbà tirẹ̀ síwájú, wọn ò níí yọ ọ́. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ fún wọn, mo fi owó rẹ̀ ta wọ́n lọ́rẹ.

Ọ̀rọ̀ owó tún wà níbẹ̀. Jọ́nà tí gbogbo ayé lè kà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó kọ pépà, dọ́là ni wọ́n sì máa ń kà á, ó lè tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún, ó lè kọjá ẹgbẹ̀rún. Owó oṣù olùkọ́ kan kò lè dá a gbé. Owó ìwádìí TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ran ilé-ìwé gíga lọ́wọ́, wà, èyí tí òfin ọdún 2011 fìdí rẹ̀ múlẹ̀, tó ń wá láti inú owó orí àwọn ilé-iṣẹ́, ṣùgbọ́n ti ilé-ìwé ìjọba ni. Bí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ bá ń kọ́ni ní Pólì Ọ̀fà tàbí ní Yunifásítì Ìlọrin, tí ẹnì kejì sì wà ní ilé-ìwé aládàáni bíi Landmark ní Ọmù-Àrán, kí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ẹni tó lè kọ̀wé béèrè owó náà.

Ó wá ku orúkọ, tí ìjà pọ̀ sí jù.

Lọ́dún 2020, obìnrin méjì ló jọ gba ẹ̀bùn Nobel nínú kẹ́mísírì, láìsí ọkùnrin láàárín wọn: Emmanuelle Charpentier, ọmọ ilẹ̀ Faransé, àti Jennifer Doudna, ọmọ Amẹ́ríkà. Níbi àpérò kan ní Puerto Rico lọ́dún 2011 ni wọ́n ti pàdé. Ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ ní Sweden, ó ti ń wádìí bí bakitéríà kan ṣe ń gbèjà ara rẹ̀. Èkejì wà ní California, ó mọ RNA, èròjà inú ara tó ń gbé ìsọfúnni àbùdá, ìyẹn ohun tí a jogún lára òbí, kiri, bí ẹni mowó. Wọ́n da ọgbọ́n pọ̀, pépà wọn sì jáde lọ́dún 2012, ó sọ bí èèyàn ṣe lè gé àbùdá ohun abẹ̀mí níbi tó bá fẹ́. Orúkọ mẹ́fà ló wà lórí rẹ̀. Ẹ mọ ibi tí ti àwọn méjèèjì wà? Ìparí. Bó bá jẹ́ ọmọ fótókọ́pì yẹn ló rí i, á ní àwọn ni wọn ò ṣe nǹkan kan.

Nínú ìmọ̀ tí wọ́n ń fi yàrá àyẹ̀wò ṣe, ẹni tó ṣe iṣẹ́ ọwọ́ jù ló ń ṣáájú, olórí yàrá náà ló ń kẹ́yìn, ipò ńlá sì ni méjèèjì. Ẹni tó wà láàárín ló yẹ kí ẹ bi léèrè ohun tó ṣe. Nínú ìmọ̀ ìṣirò, wọ́n sábà máa ń fi A, B, D to orúkọ, nítorí náà Adébáyọ̀ á máa ṣáájú Yusuf títí ayé, kò sì túmọ̀ sí ohunkóhun. Nínú ìmọ̀ àwùjọ àti ti èdè, ipò àkọ́kọ́ ni gbogbo ojú wà. Bí onímọ̀ kẹ́mísírì àti onímọ̀ àwùjọ bá jọ ṣiṣẹ́ láìsọ èyí fún ara wọn, ọ̀kan lè máa rò pé òun bu iyì fún èkejì bó ṣe fi í sẹ́yìn, kí èkejì sì lọ máa sunkún nílé.

Ìdí tí ipò fi ṣe pàtàkì rọrùn. Bí àwọn mìíràn bá fẹ́ tọ́ka sí pépà náà nínú ìwé tiwọn, nínú ìlànà APA tí ọ̀pọ̀ ń lò, bí orúkọ bá ti tó mẹ́ta, ti àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n ń kọ láàárín ọ̀rọ̀. Wọ́n á wá fi "et al." lé e, ìyẹn "àti àwọn yòókù". Obìnrin tó rìn láàárín òòrùn Òkèlele fún oṣù mẹ́fà ti di "àwọn yòókù" nìyẹn. Bí ìgbéga bá sì dé, ìgbìmọ̀ á béèrè pé lórí pépà mélòó lo ti ṣáájú. Òfin yàtọ̀ láti ilé-ìwé kan sí èkejì, àmọ́ mi ò tíì rí èyí tó ń fi "àwọn yòókù" sọ ẹnikẹ́ni di ọ̀jọ̀gbọ́n.

Obìnrin tún ní wàhálà orúkọ kan tí ọkùnrin kò ní. Ó kọ pépà mẹ́ta kó tó lọ́kọ, orúkọ bàbá rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ó lọ́kọ, ó yí orúkọ padà. Kọ̀ǹpútà kò mọ ìyàwó, ó kà á sí èèyàn méjì. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń rí olùkọ́ obìnrin tí orúkọ méjì so pọ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn bí ọkọ̀ ojú irin. Nọ́ńbà kan wà tí wọ́n ń pè ní ORCID, ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2012, díjíìtì mẹ́rìndínlógún ni, ọ̀fẹ́ ni, kì í yí padà bí orúkọ bá yí. Gbogbo obìnrin tó bá mú pépà wá sí ọ̀dọ̀ mi ni mo ń bi pé ṣé ó ti gbà á. Àwọn kan ti ń pè mí ní Ìyá ORCID.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí tí kò dára náà. Àwọn kan ti sọ àáró di jìbìtì: fi orúkọ mi sórí tìrẹ, màá fi tìrẹ sórí tèmi, ẹnikẹ́ni nínú wa kò sì ka ti èkejì. Ẹ̀tàn nìyẹn, bó jẹ́ obìnrin tàbí ọkùnrin ló ṣe é. Àjọ àwọn olóòtú jọ́nà ìṣègùn lágbàáyé, tí wọ́n ń pè ní ICMJE, là á sílẹ̀ pé kí orúkọ tó lè wà, kí ẹni náà ti ṣe iṣẹ́ gidi nínú èrò tàbí nínú àkójọ ohun tí wọ́n rí; kó ti lọ́wọ́ nínú kíkọ tàbí àtúnṣe; kó ti fọwọ́ sí èyí tó máa jáde; kó sì gbà láti dáhùn bí ìbéèrè bá dìde. Kí ó pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni o, kì í ṣe kó mú èyí tó wù ú. Ẹni tó kàn wá owó nìkan, tàbí tó jẹ́ olórí ẹ̀ka nìkan, ọpẹ́ ni kí wọ́n dú fún un nísàlẹ̀ pépà. Ọ̀pọ̀ jọ́nà tún ti ń lo àtòjọ ipa mẹ́rìnlá kan tó ń jẹ́ CRediT, níbi tí wọ́n ti ń kọ ohun tí oníkálukú ṣe: ẹni tó dá èrò sílẹ̀, ẹni tó ṣe ìṣirò, ẹni tó wá owó, ẹni tó kọ ọ́. Ìyẹn dáhùn ìbéèrè ọmọ fótókọ́pì ju èmi lọ.

Àgbà obìnrin náà sì lè jẹ ọmọdé obìnrin níyà. Ọmọbìnrin kan wá sọ́dọ̀ mi nígbà kan, iṣẹ́ tó fi gba oyè másítà rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ sọ di pépà. Òun ló ṣáájú nínú èyí tí mo kọ́kọ́ tẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́, ìpè wọlé pé kí n gbé ti màmá tó ń tọ́ ọ sọ́nà síwájú, kí n fi ti àwọn méjì mìíràn tẹ̀ lé e. Mo wo ojú ọmọ náà. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é, Mọ̀mí." Mo ṣe é. Kò sí àdéhùn kankan lójú ewé tó lè nà sí màmá yẹn. Ìtìjú ọjọ́ yẹn ni mo fi ń bá gbogbo ẹni tó bá wọlé sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n kọ àdéhùn sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe nígbà tó bá parí.

Àwọn mẹ́rin tèmi ti dé orí pépà kẹta báyìí. Ìgbà ẹni tó wà ní Ọ̀fà ló kàn, òun ló kéré jù nínú wọn. Àwọn aláyẹ̀wò dá a padà pẹ̀lú ìbéèrè mẹ́tàdínlógún, ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n fún wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó jẹ́ àgbà wọn, tí orúkọ rẹ̀ wà ní ipò kẹrin lórí èyí, ló ń ṣe ìṣirò àtẹ kejì fún un. Ìbéèrè mọ́kànlá ti yanjú. Mo ti fi jẹnẹrétọ̀ sí ìtòsí, torí mo mọ̀ pé alẹ́ ọjọ́ kẹtàlá ni wọ́n máa gbé e dé.